Ilé-Ìtọ́jú Yín Kọ̀ Láti Jẹ́rìí fún Ọmọ Mi

Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Ìrépọ̀dùn,
Challenge,
Ìbàdàn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kejì, Ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-Ìtọ́jú Ìfọ̀kànbalẹ̀,
Ring Road,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ LÓRÍ BÍ ILÉ-ÌTỌ́JÚ YÍN ṢE KỌ̀ LÁTI JẸ́RÌÍ FÚN SAFIYYAH ADÉRÓUNMÚ, ÀTI OHUN TÍ KÍKỌ̀ NÁÀ BÀ JẸ́

Èmi ni Alhaja Nùsírátù Adéróunmú. Aṣọ ojú fèrèsé àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni mo ń tà ní Dùgbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ni mo kọ́kọ́ ṣe kí n tó di oníṣòwò, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ọwọ́ wọn sì yá. N kò gbé e fún wọn. Ẹni tó ń bá ènìyàn tẹ lẹ́tà ni yóò kọ́kọ́ kà á, ọ̀rọ̀ inú èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó dé etí oníbúrẹ́dì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Mo ti lẹ ẹnu àpòòwé náà pa dáadáa. Bí ó bá dé ọwọ́ yín ní ṣíṣí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn tí wọ́n jókòó sí ẹnu-ọ̀nà yín.

Safiyyah ni àkọ́bí mi. Nígbà tí ó fẹ́ wọ yunifásítì, ìmọ̀ òfin ni èmi àti bàbá rẹ̀ ní lọ́kàn fún un. Ó ní saikọ́lọ́jì ni òun fẹ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí ọkàn ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun tó ń mú kí oníkálukú máa hùwà bí ó ṣe ń hù ú. Mo ti fura sí ẹ̀kọ́ náà láti ọjọ́ yẹn. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń fi ṣe jẹun. Ó kà á fún mi: àwọn kan ń bá aláìsàn ọpọlọ sọ̀rọ̀ ní ilé ìwòsàn, àwọn kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ níbi tí wọ́n ti ń ran ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ lọ́wọ́, àwọn kan ń bá báǹkì àti ilé iṣẹ́ ńlá yan òṣìṣẹ́ tuntun, àwọn kan wà pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́wọ̀n, àwọn kan ń gba ọ̀dọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ oògùn olóró, àwọn kan sì ń bá àwọn tí ń ṣe ọṣẹ wádìí ìdí tí oníbàárà fi ń mú ọ̀kan tí ó sì ń fi èkejì sílẹ̀. Mo ní èyí tó kẹ́yìn yẹn, èmi ti mọ̀ ọ́n ní Dùgbẹ̀ láì dé yunifásítì. Ó rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ ní kí n fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀.

Agbowó ni ó ń gbé nígbà tí ó ń kàwé, òpin ọ̀sẹ̀ ni ó máa ń wálé. N kò ní tàn yín, ìfura mi kò dín. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ délẹ̀ kí ó tó fèsì. Bí mo bá ti ọjà dé tí mo ń bínú sí ẹnì kan, dípò kí ó bá mi bínú sí onítọ̀hún, yóò ní, "Mọ́mì, báwo ló ṣe rí lára yín?" Mo rò pé wọ́n ti ní kí ó máa kọ ìwà mi sílẹ̀ lọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀. Àwọn ẹbí náà ń fura. Àwọn kan kì í fẹ́ wo ojú rẹ̀ mọ́ nítorí wọ́n gbà pé ó ń rí inú wọn, àwọn mìíràn ń rọ́ àlá fún un pé kí ó bá àwọn túmọ̀ rẹ̀. Ní Ìgbòho tí a ti wá, kúkúrú ni wọ́n gé e: wọ́n ní ọmọ Adéróunmú ń kọ́ nípa wèrè. A fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín nígbà náà, èmi gan-an rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ èkejì, ti àwọn tí yóò máa tọ́jú aláìsàn. Dandan ni kí ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lábẹ́ ojú ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà, ilé-ìtọ́jú yín sì gbà á. Abẹ́ Dókítà Akínbíyìí ni ẹ fi í sí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni ó ń wá. Ibí yìí ni ẹjọ́ mi àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní aṣọ funfun, ẹ kò sì fún wọn ní káàdì tí wọn yóò fi kọ́ àyà. Ẹnu-ọ̀nà tí aláìsàn ń gbà wọlé ni àwọn náà ń gbà. Bẹ́ǹṣì tí aláìsàn ń jókòó sí kí a tó pè wọ́n ni àwọn náà ń jókòó sí. Nígbà tí mo wá sọ́dọ̀ yín lẹ́yìn náà, Dókítà Akínbíyìí kò tijú láti sọ fún mi pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni: ó ní ẹni tí kò tíì mọ bí ó ṣe máa ń rí lára láti jókòó retí dókítà ọpọlọ kò lè tọ́jú ẹni tó ń retí, àti pé aṣọ funfun máa ń lé àwọn aláìsàn sá. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá yín ṣàlàyé fún ayé pé ẹni tó jókòó síhìn-ín wá kọ́ṣẹ́, ẹni tó jókòó tì í wá gba ìtọ́jú?

Ní ọdún tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá fẹ́ Safiyyah. Òṣìṣẹ́ báǹkì ni, ọmọ tó ní ìtẹríba, àwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní Àpáta. Safiyyah ti bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ wọn nínú lẹ́tà yìí, mo sì ti gbà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ará Òkè-Ògùn ni àwọn náà bí i tiwa. Ẹbí ti mọ ẹbí, a sì ti fi ọjọ́ tí a ó so yìgì sí ẹ̀yìn ìtúnu ààwẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, kí a tó fi ọmọ fọ́kọ, ìdílé kọ̀ọ̀kan á rán ẹni tí ojú rẹ̀ là dáadáa lọ wádìí èkejì: ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀ níbẹ̀, ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí wèrè? N kò ní sọ pé wọ́n ṣe àìdáa tí wọ́n wádìí wa. Èmi náà rán ènìyàn. Ẹni tí mo rán dé ìlú wọn, ó bá àwọn àgbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ó padà wá sọ fún mi pé ilé náà mọ́ tónítóní. Mo gbà á gbọ́ nígbà náà.

Alhaji Sàláwù ni alárinà láàárín wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń fọwọ́ pa àwọn aṣọ tí kò ní rà. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí mo ń ta aṣọ fèrèsé, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ìyáa Safiyyah, ẹ má bínú o. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn fẹ́ sinmi ná." Mo bi í pé kí ni wọ́n ń sinmi, ṣé òkè ni wọ́n ń gùn? Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Wọ́n rí ọmọ yín ní Ring Road, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú orí. Ó jókòó láàárín wọn, ó dijú, ó ń mí sínú, ó ń mí síta bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó rí i kò purọ́."

Mo sọ fún un pé àwọn ènìyàn yẹn mọ iṣẹ́ tí ọmọ mi ń kọ́, pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti wá tọrọ rẹ̀ ni a ti sọ fún wọn. Mo ní òun ló ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọ́n ṣe ń mí kí àyà wọn má bàa máa já, òun náà á sì bá wọn ṣe é kí ó má dà bí àṣẹ. Alhaji ní wọ́n mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní olùkọ́ kì í dijú láàárín akẹ́kọ̀ọ́. Ó ṣèlérí pé òun yóò jíṣẹ́ mi. Àbọ̀ tó mú padà ni pé kò sí ìyá tí í pe ọmọ ara rẹ̀ ní wèrè.

Mo wá sí ilé-ìtọ́jú yín ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e. Arábìnrin Ìṣọ́raolúwa, tó wà níbi tí ẹ ti ń gba àlejò, fún mi ní àga, ó fún mi ní omi tútù, lẹ́yìn náà ó sọ ohun tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Ohun tí mo béèrè kò ju ìlà kan lọ: kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé yín pé Safiyyah Adéróunmú kò gba ìtọ́jú kankan rí lọ́dọ̀ yín. Ó ní, "Màmá, a kì í sọ ẹni tó ń gba ìtọ́jú níbí. A kì í sì í sọ ẹni tí kò gbà." Mo ní ọmọ tí mo bí ni mò ń béèrè. Ó ní kò yàtọ̀. Mo ní òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ara ọmọ mi le, wọ́n sáà jọ ń jẹun ọ̀sán. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Ẹ̀yin Ọ̀gá, kò sí ohun tó ń múni fura bí ẹ̀rín músẹ́ ẹni tó jókòó sídìí tábìlì.

Nígbà tí mo fẹ́ máa pariwo, wọ́n mú mi wọlé sọ́dọ̀ Dókítà Akínbíyìí. Ó fún mi ní ìwé tó fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ ni Safiyyah lábẹ́ òun. Ní ti ìlà kan tí mo béèrè, òun náà kọ̀ ọ́. Ó ní, "Bí a bá ń kọ̀wé fún àwọn tí kì í ṣe aláìsàn wa, mà, ọjọ́ tí a kò bá kọ fún ẹnì kan, gbogbo ayé á ti mọ̀." Ọ̀rọ̀ àwáwí ni mo pè é. Mo gbé ìwé akẹ́kọ̀ọ́ náà fún Alhaji Sàláwù, ó gbé e lọ sí Àpáta, ó sì mú èsì bọ̀: wọ́n ní ènìyàn lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tún jẹ́ aláìsàn, wọ́n ní ìwé náà kò sọ pé kì í ṣe aláìsàn. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ló dé tí dókítà kò kọ ọ́? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ̀yin ni ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sí wọn lẹ́nu.

Ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀rọ̀ náà wọ inú èmi gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọmọ tí mo bí. Mò ń wo bí ó ṣe ń jẹun, mò ń wo bí ó ṣe ń dá nìkan jókòó. Mo tú báàgì rẹ̀ bóyá n ó rí oògùn. Ọsàn kan àti ìwé nípa ìbànújẹ́ àwọn ọmọdé ni mo bá níbẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ká mi mọ́. Kò bínú. Ó jókòó tì mí, ó ní bí òun bá ń gba ìtọ́jú, òun ìbá ti sọ fún mi, nítorí kì í ṣe ohun ìtìjú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Nínú gbogbo àwa tí a ń rán ènìyàn lọ wádìí ara wa láti Ìgbòho títí dé Àpáta, n kò tíì gbọ́ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ojú tì mí níwájú ọmọ mi, mo dìde lọ gbé omi kaná tí ẹnikẹ́ni kò béèrè.

Mo padà wá sọ́dọ̀ yín ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ní àkókò tí kò sí aláìsàn níbẹ̀, mo bẹ Dókítà Akínbíyìí kí ó fi yàrá tí wọ́n ti ń mí yẹn hàn mí, ó sì fi í hàn mí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kejì ni ó wà. Fèrèsé kan ṣoṣo tó ní, ọgbà ẹ̀yìn ni ó kọjú sí, aṣọ tó nípọn sì bò ó. Ẹni tó ń kọjá lọ ní Ring Road kò lè rí ẹni tó dijú nínú yàrá náà. Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta kò lè rí i. Àwọn tó ń wọ ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ yín, àwọn tó wá gba ìtọ́jú, àti ẹbí tó bá tẹ̀lé wọn wá.

Òṣìṣẹ́ yín ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo fura sí obìnrin tó ń nu ilẹ̀. Mo fura sí Arábìnrin Ìṣọ́raolúwa, mo tilẹ̀ lọ tọpinpin bóyá ó ní ẹbí ní Àpáta. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Ojoo ni ó ń gbé, kò sì mọ ẹnì kan níbẹ̀. Nígbà tí mo fara balẹ̀ rò ó, mo rí i pé òṣìṣẹ́ yín kò lè pe Safiyyah ní aláìsàn, nítorí gbogbo wọn ló mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ó ku àwọn méjì: ẹni tó wá gba ìtọ́jú, tàbí ẹni tó mú un wá. Ọ̀kan nínú wọn ló sì gbé ọ̀rọ̀ ọmọ mi dé Àpáta, sínú ilé tí ó fẹ́ wọ̀.

Mo lọ bá Safiyyah ní ilé ìdáná. Àlùbọ́sà ni ó ń gé. Mo bi í pé, "Ta ni o rí níbẹ̀ nínú àwọn ará ilé wọn?" Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bi mí." Mo ní ọ̀rọ̀ ayé rẹ̀ ni mò ń bi í. Ó ní, "Ẹ dákun, ẹ má bi mí mọ́." Kò sọ pé òun rí ẹnì kan, kò sì sọ pé òun kò rí. Bí ẹ̀yin ṣe dá mi lóhùn gẹ́lẹ́ ni ó ṣe dá mi lóhùn nínú ilé ara mi. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, èmi ni mo sì bí ojú yẹn. Ọmọ mi mọ ẹni náà. Láti ọjọ́ tí Alhaji Sàláwù ti wá sí ṣọ́ọ̀bù ni ó ti mọ̀, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é ní ohun tí kì í ṣe, ó sì ń jẹun tirẹ̀, ó ń lọ síbi iṣẹ́.

Ọmọkùnrin náà ránṣẹ́ sí i, wọ́n pàdé ní Bódìjà. Ó bi í bóyá ó ń gba ìtọ́jú. Safiyyah ní rárá. Ó bi í pé kí ló wá ń ṣe tó fi dijú. Ó ní ẹnu iṣẹ́ ni òun wà. Ọmọkùnrin náà ní kí ó dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ tó lè jẹ́rìí gbè é. Safiyyah kọ̀ láti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin náà dìde lọ. Kì í ṣe ọmọ mi ló sọ èyí fún mi. Ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló pè mí, ó ń sunkún lórí fóònù, ó ní, "Mà, ó ní nǹkan tó ń fi pamọ́ fún mi." Mo mọ̀ pé òótọ́ ni ó sọ. Ó dá mi lójú pé ọmọkùnrin náà kò mọ̀ pé láti ilé bàbá rẹ̀ ni nǹkan náà ti wá.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sọ ìfura mi gan-an, n kò sì ní ẹ̀rí kankan ju ọwọ́ tó dúró lórí àlùbọ́sà lọ. Kì í ṣe pé wọ́n ń bẹ̀rù pé wèrè wà nílé wa. Ohun tí ẹnì kan ń bẹ̀rù nínú ilé yẹn ni pé kí Safiyyah wọlé wá bí ìyàwó, kí ó máa gbé abọ́ oúnjẹ síwájú òun, kí ó sì mọ ohun tó mọ̀. Ẹni náà kò mọ irú ọmọ tí mo bí. Ó rò pé ẹnu rẹ̀ rí bí ẹnu tiwa. Ìdí nìyẹn tí ó fi sáré tú àṣírí tiwa kí a tó tú tirẹ̀.

Èmi àti bàbá rẹ̀ bẹ Safiyyah. Mo ní kí ó sọ orúkọ náà fún èmi nìkan, n ó sì mọ bí n ó ṣe fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́ láì dárúkọ. Ó ní ọjọ́ tí òun bá sọ orúkọ kan, kò ní sí ẹni tí yóò tún fi ọkàn balẹ̀ jókòó sínú yàrá yẹn mọ́, òun náà kò sì ní lè jókòó síbẹ̀. Mo ní ó dáa, kí ó kúrò níbẹ̀ nígbà náà. Mo rán an létí gbogbo iṣẹ́ tó kà fún mi lọ́jọ́ kìíní. Mo ní kí ó yí sí ẹ̀ka àwọn tí ń bá báǹkì yan òṣìṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò sọ pé òun rí i tó dijú ní báǹkì. Ó ní wọ́n ń pa àṣírí mọ́ níbẹ̀ náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Àmúdàtù, tí wọ́n jọ ń kàwé, ti yí sí ẹ̀ka yẹn ní tirẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá tó kù yóò máa fa ọmọ wọn kúrò lọ́dọ̀ yín.

Mo ti kọ lẹ́tà kan ṣáájú èyí. Nínú rẹ̀, mo ní kí ẹ tú ọmọ mi sílẹ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ́ ìpamọ́ àṣírí yín fún ọjọ́ kan péré, kí ó lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. N kò tíì fi ránṣẹ́ nígbà tí obìnrin kan tí a jọ ń tajà ní Dùgbẹ̀ wá bá mi. Ó wà nínú àwọn tí ń sọ̀rọ̀ wa lẹ́yìn, mo sì rò pé ó wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó fa àga sún mọ́ mi. Ó ní òun gbọ́ pé ọmọ mi mọ ohun tó lè gbà á, tí kò sì sọ ọ́. N kò mọ ẹni tó sọ fún un, bàbá Safiyyah ni mo fura sí. Mo ti ń wá èsì tí n ó fi gún un lára. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè mú ọkọ mi wá bá a?" Ó ti pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ kò ti jáde nílé. Gbogbo wa ní Dùgbẹ̀ ló ti rò pé ó rìnrìn-àjò.

Mo ya lẹ́tà àkọ́kọ́. Ìbínú mi sí yín ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè béèrè pé kí ẹ ṣí ẹnu tí obìnrin yẹn fẹ́ gbé ọkọ rẹ̀ sá dì.

Ohun tí mò ń béèrè nìyí. Ẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní káàdì tó ní orúkọ lára, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gba ẹnu-ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ń gbà. Bí Dókítà Akínbíyìí bá fẹ́ kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí wọ́n jókòó pẹ̀lú káàdì lọ́rùn. Ìkejì, bí ẹnikẹ́ni bá ti Àpáta tàbí ibikíbi wá béèrè lọ́wọ́ yín bóyá aláìsàn ni ọmọ mi, èsì tí ẹ fún mi ni kí ẹ fún un, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ dín. Mò ń ṣọ́ yín. Bí mo bá gbọ́ pé ẹ sọ fún ará ìta ohun tí ẹ kọ̀ láti sọ fún ìyá, ọ̀dọ̀ àwọn tó fún yín ní ìwé àṣẹ ni lẹ́tà mi yóò gbà lọ.

Safiyyah ti ka gbogbo èyí kí n tó lẹ àpòòwé. Mo ti yọ́ orúkọ ìdílé náà fi síbì kan. Ó rí i, ó sì ní kí n tún ojú ìwé yẹn kọ láti òkè. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó ní kí n bá òun fi ẹ̀bẹ̀ kan kún un, nítorí ó ti bẹ Dókítà Akínbíyìí, dókítà sì ní ọwọ́ yín ni irú àyípadà bẹ́ẹ̀ wà. Ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ gbé òun kúrò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bó bá tilẹ̀ máa fa ẹ̀kọ́ òun sẹ́yìn, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo àwọn tó máa ń wá ní ọjọ́ náà gbọ́ pé òun kò sí níbẹ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa torí òun dá ìtọ́jú rẹ̀ dúró.

Mo bi í pé ta ló dá ìtọ́jú dúró. Ó ní kí n ṣáà máa kọ ọ́ lọ. Mo kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́. Ní tèmi, n kò tíì dárí ji ẹni náà, ẹ má sì rò pé bí ọmọ ṣe rí ni ìyá rí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe é fún un, ẹ sì ṣe é kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ tó dé.

Ẹ ṣeun tí ẹ ka ẹjọ́ obìnrin tí inú ń bí títí dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín,

Alhaja Nùsírátù Adéróunmú,
Oníṣòwò aṣọ ilé, Dùgbẹ̀,
Ìyá Safiyyah.